Ìwé Àṣẹ Mi, àti Fìlà Tí Bàbá Kọ́ọ̀tù Kò Dé

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ àbúrò mi tí ẹ ti jáde ìwé mẹ́wàá tí ẹ kò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ óò ṣe, èmi Búrọ̀dá Jídé yín ni mò ń kọ èyí. Ẹ ní kí n sọ ti iṣẹ́ tèmi fún yín. N óò sọ ọ́ bí mo ṣe rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má retí gírámà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo wọ ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà fún sáà kan, ni bàbá mi bá ra ayùn fún mi, ó ní kí n wá máa gé pákó.

Ọmọ Ute ni mí, ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ ni mo ti ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà títí mo fi di ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Ní 1984, ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ gbà mí pé kí n máa kan ọ̀pá ìtilẹ̀ àti àga fún àwọn aláìsàn. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti iye tí wọ́n ń san kò ní ìtàn kankan nínú. Ohun tó ní ìtàn nínú ni Màdáámù.

Màdáámù Ṣóyẹmí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, obìnrin kékeré tí bàtà rẹ̀ máa ń dún kó tó dé. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí mo fi jù ú lọ, síbẹ̀ bí mo bá gbọ́ bàtà yẹn, màá wá nǹkan tí màá máa gbá nílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni òyìnbó ń pè ní ọkupéṣọ́nà tẹ́rápì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín, ó ti bà mí lẹ́rù tó fún gbogbo ẹbí. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá mú ẹnìkan ní apá kan, tàbí tí ọwọ́ ẹnìkan ṣẹ́ tó sì wá le gbagidi, àwa la óò kọ́ ọ títí yóò fi tún lè de bọ́tìnnì, tí yóò lè bẹ iṣu, tí yóò lè ró aṣọ mọ́ ara rẹ̀. Dókítà ló ń gba ẹ̀mí là. Àwa là ń wá bí ẹni tí wọ́n gbà là yóò ṣe máa gbé ẹ̀mí náà kiri inú ilé.

Ìdí tó fi mú mi kúrò nídìí pákó ni pé kò gbọ́ èdè Ọ̀wọ̀. Àwọn àgbà á máa sọ tiwọn, òun á máa fi ti Ẹ̀gbá dá wọn lóhùn, wọn á sì jọ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Ó gbọ́ tí mò ń bá ìyá kan ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Jídé, ẹ gbé òòlù yẹn sílẹ̀ kí ẹ wá."

Mo rò pé yóò kọ́ mi ní ìwé. Báńdéèjì ló mú jáde.

"Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún yín."

Mo nà á. Ó ká a mọ́ mi láyà, ó sì so ó pinpin.

"Ọ̀sẹ̀ kan," ó ní.

"Ọ̀sẹ̀ kan kí ni, Mà?"

"Ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ óò fi ṣe aláìsàn. Ẹ kò gbọdọ̀ tú u, àfi tí ẹ bá fẹ́ wẹ̀. Ẹni tó bá wẹ̀ yín, n óò gbọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ lọ fi ọwọ́ òsì nìkan de ṣòkòtò yín. Lọ́jọ́ kejì mo lọ ra ìṣó lọ́jà, àwọn obìnrin rí mi. "Yéè! Káfíńtà tiwa! Wọ́n ti rí i mú!" Kí n tó délé, ìròyìn ti ṣáájú mi dé, àǹtí yín, ìyàwó mi, sì ti ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, "Kò sóhun tó ṣe mí. Màdáámù ló so ó."

Ó nu ojú rẹ̀. "Kí lẹ ṣe fún un tó fi so yín mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́?"

Lọ́jọ́ kẹrin, bọ́tìnnì ọrùn kan ṣoṣo gbà mí ní àkókò tí wọ́n fi ń ka ẹ̀kọ́ kìíní àti ìkejì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo sunkún. Ọkùnrin tó ti kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì! Nígbà tí Màdáámù tú mi sílẹ̀, ó bi mí pé kí ni mo kọ́. Mo ní, "Mo kọ́ pé bọ́tìnnì kéré, Mà." Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀.

Ọdún méjì ló fi fi ojú mi rí nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ran aláìsàn lọ́wọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, yóò ní kí n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo bá pẹ́, yóò wo aago, kò ní sọ̀rọ̀, èyí sì burú ju èébú lọ.

Ó wá ní kí n máa lọ sí àwọn ìletò fúnra mi, nítorí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé ojúde kò lè máa wọkọ̀ wá sí Ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ dá fọwọ́ kan aláìsàn láìsí ìwé àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀. Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ń gbà á, lẹ́yìn ìdánwò.

Egungun ọwọ́ nìkan, ẹ̀rù ni. Wọ́n pọ̀ ju igi tó wà nínú àga alápá lọ, olúkúlùkù ló sì ní orúkọ òyìnbó. Mo kọ wọ́n sára pátákó, mo gbé pátákó náà kọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àǹtí yín sì mọ̀ wọ́n ṣáájú mi. Ti orí ìwé, mo yege. Ó ku ti ojúkojú. Wọ́n fa ọkùnrin kan síwájú mi, wọ́n ní ká kà á sí ẹni tí apá òsì rẹ̀ kú, kí n fi bí yóò ṣe wọ ṣẹ́ẹ̀tì hàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo ń kọ́ àwọn èèyàn lójoojúmọ́ nìyí. Ọwọ́ tí kò lágbára ni yóò kọ́kọ́ wọ aṣọ, òun náà ni yóò gbẹ̀yìn nígbà tí a bá ń bọ́ ọ. Àmọ́ nígbà tí mo rí ọ̀gá mẹ́ta tí wọ́n mú bírò dání, mo ní kí ọkùnrin náà ki ọwọ́ tó lágbára bọ̀ ọ́ ná. Aṣọ há sí i lẹ́yìn. Mo fà á. Ó ya. Ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ ni.

Mo padà sí Ọ̀wọ̀, mo sọ fún Màdáámù. Ó ní, "Ẹ óò padà lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ mú ṣẹ́ẹ̀tì tuntun kan dání fún ọkùnrin yẹn." Mo padà lọ. Mo mú ṣẹ́ẹ̀tì dání. Mo yege.

Páálí kan báyìí ni ìwé náà, fọ́tò mi wà lára rẹ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Lọ́dọọdún la gbọ́dọ̀ sọ ọ́ dọ̀tun. Màá kó ìwé àkọsílẹ̀ mi lọ sí Àkúrẹ́, pẹ̀lú lẹ́tà Màdáámù. Bí ohun kan bá wọ́, wọ́n á gbà á. Látọjọ́ tí mo ti gbà á ni mo ti ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbà á padà. Inú ọ̀rá ni mo ń fi sí, ọ̀rá náà wà nínú àpò, àpò sì wà lábẹ́ ẹ̀wù òjò, kódà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, nítorí ìgbà yẹn ni ọkàn mi máa ń padà sí. Ilé ìwòsàn fún mi ní máṣìn kan tí ariwo rẹ̀ pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ọjọ́ Ajé, Uso. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Isuada. Ọjọ́bọ̀, màá gba ọ̀nà Ute lọ, òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì á máa gbá mi lójú, àwọn èèyàn á máa ké láti inú oko pé, "Tíṣà Ọwọ́! Ẹ ó yà o!" Tíṣà Ọwọ́ ni wọ́n sọ mí. Ẹni tí kò lè gbé ṣíbí lóṣù tó kọjá á gbé ṣíbí sókè láti ọ̀ọ́kán kí n tó sọ̀kalẹ̀, kí n lè rí i. Mi ò tíì rí ohun tó dùn tó ìyẹn láti ìgbà yẹn wá.

Isuada ni mo ti ṣubú lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá Bọ́láńlé ni aláìsàn náà, apá òsì ló mú un. Ọwọ́ náà ti ń gbéra, ó ti ń di nǹkan mú. Ó ní ohun kan ṣoṣo tóun fẹ́ ni kóun se iṣu fún ọkọ òun. Òfin Màdáámù ni pé kí aláìsàn tó sún mọ́ iná, ẹ gbé ìgò omi gbígbóná àti ìgò omi tútù fún un, kó di ojú, kó sọ èyí tó gbóná. Ìgò méjì náà wà nínú àpò mi. Òjò ṣú, mo fẹ́ dé Ọ̀wọ̀ kó tó rọ̀, ìyá náà sì ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti dá iná. Mo ní kó máa ṣe é lọ.

Iṣu jinná. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìkòkò sọ̀kalẹ̀, láìfi nǹkan dì í mú. Ó jó o lọ́wọ́ ọ̀tún, ó yọ ìyẹn kúrò, ṣùgbọ́n òsì kò sọ nǹkan kan fún un. Ó dúró níbẹ̀, ó fi òsì di etí ìkòkò mú, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Òórùn awọ ara tó ń jó ló sọ fún mi.

Mo gbé e sórí máṣìn lọ sí ilé ìwòsàn nínú òjò. Ọ̀nà yẹn jìn lọ́jọ́ náà. Òun ló tún ń tù mí nínú lẹ́yìn mi pé, "Tíṣà, ẹ rọra sáré, kò dùn mí." Pé kò dùn ún yẹn gan-an ni ọ̀ràn náà.

Màdáámù kò pariwo. Ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ má fi òjò ṣáájú." Mo ti fi òjò ṣáájú. Mo ya ojú ewé náà, mo tún un kọ: mi ò yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò.

Ìwé àkọsílẹ̀ náà dé Àkúrẹ́, lẹ́tà wọn sì dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Wọ́n ní wọn kò tíì gba ìwé mi, ṣùgbọ́n inspẹ́kítọ̀ kan ń bọ̀ wá wo aláìsàn mi kan. Kí n kọ ohun tí aláìsàn náà yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sínú fọ́ọ̀mù. Bó bá ṣe é, mo lè máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá ṣe é, kí n kó ìwé àṣẹ wá. Wọ́n ti kọ ọjọ́ síbẹ̀.

Ẹni tí mo mú ni Bàbá Kọ́ọ̀tù. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé, ará ìjọ Áńgílíkà tó máa ń jókòó níwájú pátápátá. Apá ọ̀tún ló mú un. Nígbà tí mo bi í ní ọjọ́ kìíní pé kí ló fẹ́ lè ṣe, ó ní, "Fìlà. Èmi kì í ṣe ìkókó tí obìnrin ń dé fìlà fún." Oṣù mẹ́rin la fi ń gbé ọwọ́ yẹn gun òkè. Ó dé àgbọ̀n, ó dé etí, ó wá dé orí. Ó ń dé fìlà rẹ̀, ó tún ń gẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé, "Aláìsàn yóò fúnra rẹ̀ dé fìlà," mo sì fi í ránṣẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, mo múra, mo dé fìlà tèmi, mo ń jáde lọ. Àǹtí yín fà á kúrò lórí mi.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe yín ní jàǹbá ni? Igogo ti bẹ̀rẹ̀ láti àná!"

Ẹ̀yin tí ẹ kò dàgbà sí Ọ̀wọ̀, nígbà ọdún Igogo, ọkùnrin kì í dé fìlà níbẹ̀, obìnrin kì í wé gèlè, a kì í lùlù. Gbogbo ayé ló mọ̀. Èmi tí mo ti ń gbé ìlú náà láti ìgbà èwe mi, mo ti wo ọjọ́ inú lẹ́tà Àkúrẹ́ títí ojú mi fi fọ́, ẹ̀rù kò jẹ́ kí n wo ọjọ́ ìlú tí mò ń gbé. Mo jókòó sórí máṣìn láìtanná sí i.

Nígbà tí mo dé ilé Bàbá Kọ́ọ̀tù, Màdáámù ti wà níbẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ dé lẹ́yìn mi. Orí rẹ̀ ṣófo, ó ń dán, ó fún fìlà rẹ̀ mọ́wọ́ bí ìnulẹ̀.

"Irú ìlú wo lèyí?" ó ní. "Wọ́n dá ọkọ̀ mi dúró pé kí n ṣí fìlà! Èmi, òṣìṣẹ́ ìjọba!"

A bẹ̀ ẹ́, ó jókòó. Ó ṣí fáìlì. "Aláìsàn yóò fúnra rẹ̀ dé fìlà. Ó yá, Bàbá."

Bàbá Kọ́ọ̀tù wo fìlà tó wà lórí tábìlì. "Rárá," ó ní.

Inspẹ́kítọ̀ yíjú sí mi. "Kò lè dé e?"

"Ẹ má bi í," ni Bàbá wí. "Èmi ni kí ẹ bi. N kò sọ pé n kò lè dé e. Mo ní n kò ní dé e. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ojú ṣì ń tì mí di òní. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Inú yàrá la wà. Ẹ jẹ́ ká ti fèrèsé."

"Tí a bá ti fèrèsé, Jídé, ṣé èmi náà á ti jáde ni?"

Màdáámù ní, "Ọ̀gbẹ́ni Jídé, ẹ dìde." Ohùn rẹ̀ rọ̀, ìyẹn ló wá bà mí nínú jẹ́ jù.

Inspẹ́kítọ̀ fa bírò yọ. "Ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù ni mo wá wò. Mi ò rí i. N óò kọ pé mi ò rí i." Mo rí ẹnu bírò náà tó kan ìwé. Isuada, Uso, ọ̀nà Ute, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu bírò yẹn.

"Inspẹ́kítọ̀," ni Bàbá Kọ́ọ̀tù ní, pẹ̀lú ohùn tó fi ń pe ẹjọ́ tẹ́lẹ̀, "fìlà tiyín dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Ṣé ọwọ́ yín kò ká orí ni?"

"Wọ́n ní kí n ṣí i lójú títì, mo ti sọ fún yín."

"Àwọn ará ojú títì kò sí níbí. Ẹ dé e, ká rí i."

Ọkùnrin náà wo fìlà rẹ̀. Ó wo fèrèsé. Kò dé e.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Jídé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé apá inspẹ́kítọ̀ ti rọ."

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Yẹ̀mí, bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ti ń tú irun rẹ̀ láti àárọ̀, kí wọ́n lè tún un dì, nítorí kò ní sí gèlè tí yóò bò ó. Bàbá gbọ́ ẹ̀rín náà, ó yíjú.

"Ìyá Yẹ̀mí, gbé àpótí wá, kó o mú òòyà dání."

Ìyá náà jókòó síwájú rẹ̀. Bàbá dìde, ó fi òsì ti ara rẹ̀ mọ́ ògiri, ó di òòyà mú lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ náà gbéra. Ó gba ọ̀nà tí a ti ń tọ̀ láti oṣù mẹ́rin, ó dé orí ìyàwó rẹ̀, ó ki òòyà bọ irun náà, ó fà á wá sílẹ̀. Ó tún gbé e.

"Ẹ rọra o, etí mi nìyẹn!" ni Ìyá Yẹ̀mí wí. "Látìgbà tí mo ti wọlé yín, ẹ ò fọwọ́ kan irun mi rí. Ṣé àìsàn yìí ni kí n wá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Jókòó jẹ́ẹ́. Ìjọba ń wò ọ́."

Inspẹ́kítọ̀ bi mí bóyá èmi ni mo kọ́ ọ níyẹn. Ìbẹ̀rù ní kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo wo Màdáámù. Mo ní, "Rárá, Sà. Fìlà nìkan ni mo kọ́ ọ. Eléyìí, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọwọ́ náà débẹ̀."

Ó wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ló fi bírò pa ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù rẹ́, ó kọ ti òòyà lé e, ó sì buwọ́ lù ú. Nígbà tó ń lọ, ó bi Bàbá pé ibo lóun ti lè dé fìlà òun padà. Bàbá ní, "Ẹ kọ́kọ́ jáde ní Ọ̀wọ̀ ná."

Láti ọjọ́ náà, mi ò fi fọ́ọ̀mù ṣáájú aláìsàn mọ́. Màá béèrè pé, lọ́la, nínú ilé yìí, kí lẹ fẹ́ fi ọwọ́ yín ṣe? Nígbà míì ẹni tí mo rò pé yóò sọ pé ọkọ́ ni yóò sọ pé òun fẹ́ lè gbọn eruku ara Bíbélì òun.

Irinṣẹ́ yí padà. Láyé ìbẹ̀rẹ̀, pákó tí mo fá àti rọ́bà inú táyà ni mo fi ń ṣe ohun tí ń na ìka tó ká kò. Nígbà tó yá, wọ́n kó ike kan dé láti òkè òkun. Ẹ ó rì í bọ omi gbígbóná, yóò rọ̀, ẹ ó sì mọ ọ́n yí ọwọ́ aláìsàn ká bí ẹni ń mọ amọ̀. Ó dára gan-an. Èyí àkọ́kọ́ tí mo ṣe, Uso ni mo gbé e lọ, ọkùnrin tí mo ṣe é fún sì sá a sí oòrùn lójú fèrèsé kó lè gbẹ. Nígbà tí mo padà dé, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó bi mí bóyá àwo ni.

Màdáámù padà sí Abẹ́òkúta kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi sì pé ọgọ́ta ọdún ní 1999, wọ́n ní kí n máa lọ sinmi. Mo kọ̀wé sí Àkúrẹ́ pé mo ṣì fẹ́ sọ ìwé mi dọ̀tun. Wọ́n dáhùn dáadáa, wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan kò lè ní in. Kò sí ẹni tó bínú sí mi. Ìwé tí mo ń fi ọ̀rá bò láti ọjọ́ yìí wá, ó kàn kú wọ́ọ́rọ́wọ́ ní ìparí ọdún.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ lọ ṣe é. Ẹ óò bẹ̀rù. Èmi náà bẹ̀rù títí dé ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó sì wá yà mí lẹ́nu pé ẹ̀rù náà gan-an wà lára ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan mú ìyá rẹ̀ wá bá mi níbí ní Ute. Apá òsì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ìyá náà ń jẹ̀rora èjìká.

"Bàbá, ẹ kàn bá wa fọwọ́ kàn án."

"Ìwé àṣẹ mi ti kú."

"Ìwé kẹ̀? A ò wá kàwé."

Mo ní kó fún ìyá rẹ̀ ní àga alápá mi. Mo dúró lẹ́yìn ọmọ náà. Mo ní, "Má fà á lọ́wọ́. Ki ọwọ́ rẹ sábẹ́ ìgúnpá yẹn. Jẹ́ kí ó wúwo sí ọ lọ́wọ́. Mú ìrọ̀rí wọ abẹ́ rẹ̀. Rọra." Ìyá náà mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ tú ká. Ọmọ náà wò mí bí ẹni tó ṣe idán, kò mọ̀ pé ọwọ́ òun ló ṣe é.

Ọwọ́ tèmi wà lẹ́yìn mi ní gbogbo ìgbà náà. Mo ní láti fi ọ̀kan di èkejì mú.